Bí Oyèlékè Àjàgbé Ṣe Ṣẹ́gun Gbólóhùn Òyìnbó Kan ní Òkè-Òdò

Kí ẹni tó ń gúnyán dá ọmọ odó dúró lókè, kí ẹni tó ń bá aládùúgbò rẹ̀ jà fi ìjà náà sílẹ̀ di ọ̀la, kí adìyẹ tó ń ha ilẹ̀ gbé ẹsẹ̀ kan sókè kó máa wòye, nítorí ọkùnrin kan ń bọ̀ lọ́nà tí a kì í fi ẹnu jíjẹun kí, tí a kì í fi ojú oorun wò. Oyèlékè Àjàgbé ni, òjò tó ṣú tí aláṣọ ń sáré kó aṣọ, akọ òkúta tó ba ẹnu àáké jẹ́, tó tún ní kí alágbẹ̀dẹ máa bọ̀. Ọmọ Oyèétọ́lá ni, Oyèétọ́lá tó fi ikọ́ lásán lé ẹlẹ́dẹ̀ igbó kúrò nínú oko ẹ̀gẹ́, tí ẹlẹ́dẹ̀ náà kò sì dá a láṣà láti padà wá títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́. Ọmọ-ọmọ Àlàmú Agunkẹ̀kẹ́ ni, ẹni àkọ́kọ́ tó gun kẹ̀kẹ́ ológeere ní gbogbo Òkè-Òdò, òun náà sì ni ẹni àkọ́kọ́ tó ti orí kẹ̀kẹ́ bọ́ sínú kòtò aláró, tó jáde síta tó dúdú bí ẹ̀lú láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, tó sì wí fún àwọn tó ń wò ó pé aṣọ lòun lọ rẹ. Ìdílé àwọn tí kì í sá fún ogun ni wọ́n, àyàfi bí ogun náà bá yára jù.

Òun Àjàgbé fúnra rẹ̀, bíríkìlà ni nígbà tí orúnkún rẹ̀ ṣì ń gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Ó mọ ilé tí ìjì wá wò tó kí i tó kọjá. Ó mọ ògiri tó gún régé tó fi jẹ́ pé aláǹgbá tó bá fẹ́ gùn ún á kọ́kọ́ dúró gbàdúrà. Nígbà tí orúnkún wá dìtẹ̀, ó kó irinṣẹ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó gbé àga sábẹ́ igi máńgòrò iwájú ilé rẹ̀, ibẹ̀ ló sì fi ṣe ààfin. Láti orí àga náà ló ti ń ṣàkóso ayé. Ẹni tó ń lọ sóko, Àjàgbé á kí i. Ẹni tó ń bọ̀ lóko, Àjàgbé á bi í léèrè bí iṣu ṣe ta sí. Ó ń béèrè ọmọ tí èéyi ń ṣe lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó ń kìlọ̀ fún ọlọ́kadà pé àgbàrá ti jẹ etí afárá. Bí ènìyàn bá kọjá tí Àjàgbé kò kí i, onítọ̀hún á yí padà wá béèrè ẹ̀ṣẹ̀ tóun ṣẹ̀.

Lẹ́yìn ilé náà ni ibojì Àyọ̀ká wà, ìyàwó rẹ̀ tó ti papò dà láti ọdún mélòó kan. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi mọ ọ́n, tó fi rẹ́ ẹ títí tó fi ń dán, iṣẹ́ tó sì ṣe kẹ́yìn nìyẹn. Láràárọ̀ ló máa ń gbá ibẹ̀, tí yóò sọ fún un bí ojú ọjọ́ ṣe rí, àti ẹni tó ra ọ̀kadà tuntun ládùúgbò. Àwọn iṣẹ́ wọ̀nyí ló kún ọwọ́ akọni. Kò sí ẹni tó rí i pé iṣẹ́ ni, ìyẹn ló sì bí ogun.

Orí fóònù ni ogun náà gbà dé, ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí akọni ń fi àkàrà mu ògì. Oyèdòkun, àkọ́bí rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Àbújá, ló pè.

"Bàbá, a ti jókòó sọ̀rọ̀ lórí yín," ni Oyèdòkun wí. "Ìyàwó mi ní àgbàlagbà tó bá kàn jókòó tí kò rí nǹkan kan ṣe, ńṣe ló máa ń yára gbó. A ti tún yàrá kan ṣe fún yín. Lọ́jọ́ Sátidé, à ń bọ̀ wá gbé yín."

"Kí ẹ gbé mi lọ síbo?"

"Sọ́dọ̀ wa níbí."

"Kí ni màá máa ṣe níbẹ̀?"

"Ẹ ò ní ṣe nǹkan kan, Bàbá. Ẹ ó kàn máa sinmi ni."

Akọni gbé fóònù kúrò létí, ó wò ó bí ẹni pé inú rẹ̀ ni ejò ti yọjú. Wọ́n ní ó jókòó lásán ní Òkè-Òdò, wọ́n wá fẹ́ gbé e lọ jókòó lásán ní Àbújá. Àkàrà kò lọ mọ́. Ó wo ọ̀nà tó gba iwájú ilé rẹ̀ kọjá, ó rò ó pé bí òun bá kúrò, ta ni yóò máa sọ fún ọlọ́kadà nípa etí afárá? Ta ni yóò sì gbá ẹ̀yìnkùlé?

Ẹni tí kò bá mọ ọ̀rọ̀ lè ní kí ló dé tí kò kúkú kọ̀. Ṣùgbọ́n a kì í bá ọmọ tó ń tọ́jú ẹni jà ní gbangba. Bí ó bá kọ̀, gbogbo ìlú ni yóò gbè sẹ́yìn ọmọ. Yàtọ̀ sí ìyẹn, kì í ṣe Oyèdòkun ló ni ìpinnu náà. Ìyàwó rẹ̀ ló ni ín, Imaobong, ọmọ ilẹ̀ Ìbíbíò, tí gbogbo Òkè-Òdò ń pè ní Ìmà. Nọ́ọ̀sì ni, àwọn arúgbó ló sì ń tọ́jú nílé ìwòsàn, ohun tó bá sọ nípa àgbàlagbà, abẹ gé e ni lọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀. Ọmọ dáadáa ni. Inú rere ló fi pinnu, èyí gan-an ló jẹ́ kó ṣòroó bá jà. Àbùkù kan ṣoṣo tó ní ni pé kò gbọ́ Yorùbá ju ẹ káàárọ̀ àti ẹ ṣé lọ. Oyèdòkun ni afárá láàárín òun àti bàbá ọkọ rẹ̀, afárá náà kò sì ṣe é gbọ́kàn lé. Nígbà ọdún Àjíǹde tó kọjá, Ìmà béèrè ohun tí Bàbá ń ṣe láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Àjàgbé tú ẹnu, ó ṣàlàyé ọ̀nà, ó ṣàlàyé ìkíni, ó ṣàlàyé ibojì àti àgbàrá, ọ̀rọ̀ náà kún apẹ̀rẹ̀. Oyèdòkun gbọ́ ọ tán, ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀, ó sọ ọ̀rọ̀ tí kò kún ọwọ́. Ìmà bá ń mi orí bí ẹni tó rí ọmọ òrukàn. Ọjọ́ náà ni Àjàgbé ti mọ̀ pé wọ́n fún afárá ní odindi ẹran, egungun ló gbé dé òdìkejì.

Nítorí náà, bí ó bá fẹ́ gba ara rẹ̀ là, ẹnu ara rẹ̀ ni yóò fi sọ ọ́, ní èdè tí Ìmà gbọ́. Ó ka ohun ìjà tó ní. Ó ní yẹ́ẹ̀sì. Ó ní tánkiù, mọ́níìn, àfutanúùn àti náìtì. Ó ní ẹ́frí déè, tumọ́ọ̀ṣì àti rẹ́sìtì, tó kọ́ lọ́dọ̀ agbaṣẹ́ṣe kan tó bá ṣiṣẹ́ nígbà kan rí. Pẹ̀lú èyí, ènìyàn lè bá òyìnbó mọ ilé. Ṣùgbọ́n kò lè fi gba orí ara rẹ̀ sílẹ̀. Akọni dìde, ó wọ bùbá, ó dé fìlà, ó sì kọrí sí ilé kejì bí ọba tó ń lọ tọrọ ọmọ ogun lọ́wọ́ ọba ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

Ilé kejì ni ilé Àǹtí Bísí. Adébísí lorúkọ rẹ̀, tíṣà jẹ́lé-ó-sinmi ni kó tó fẹ̀yìn tì, ó sì kọ́ ìdajì àwọn tó ń rìn ní Òkè-Òdò débi pé àwọn tó ti ní ọmọ-ọmọ ṣì ń pè é ní Àǹtí. Opó ni òun náà; ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ akọrin ìjọ ti kú tipẹ́. Ó gbọ́ ẹjọ́ Àjàgbé tán, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un fi sójú.

"Gbólóhùn kan ṣoṣo lẹ nílò, Bàbá Dòkun," ni ó wí. "Bí ọmọ náà bá bi yín léèrè, ẹ dá a lóhùn pé: *Áì ám kíípíǹ bízì*."

"Kí ló túmọ̀ sí?"

"Pé ọwọ́ yín ò dilẹ̀. Pé ẹ ń rí nǹkan ṣe."

"Kí wá ni kíípíǹ yẹn? Ṣé kíípà tó máa ń ṣọ́ gólì náà ni?"

"Mọ̀lẹ́bí kan náà ni wọ́n."

"Ta wá ni mò ń ṣọ́?"

"Ara yín ni. Ẹ ń ṣọ́ ọ kí àìríkanṣe má bàa gbá bọ́ọ̀lù wọlé."

Àjàgbé ronú sí i. Lọ́dọ̀ Yorùbá, ọwọ́ nìkan ló ń dí. Ìyókù ara lè máa gbafẹ́. Lọ́dọ̀ òyìnbó, odindi ènìyàn ni wọ́n ń ṣọ́ bí ewúrẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko olóko. Ó káàánú wọn díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ra ọwọ́ pọ̀, ó la ẹnu, ogun sì bẹ̀rẹ̀.

Kò sí ẹni tó tíì ròyìn ìjà tó gbóná tó bẹ́ẹ̀ rí. Áì wọlé láìjanpata bí ẹrú tó mọ ọ̀gá rẹ̀. Ám kọ̀, ó ní òun kò dá dúró láìsí ẹni tó ń ti òun lẹ́yìn, Àjàgbé bá fún un ní ìrù, ó di ámù. Kíípíǹ jà títí, ó ta pá, ó já mọ́ ọn lẹ́nu, àmọ́ nígbà tí oòrùn wà lágbede méjì ọ̀run, ó ti mú un balẹ̀, ó so ó lókùn, ó di kíípíìnì. Ó wá ku ọ̀gágun ẹ̀yìn, alágídí, olóhùn oyin, èyí tí Yorùbá kò bí ọmọ kankan tó jọ ọ́ láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé.

"Bízì," ni Àǹtí Bísí wí.

"Bísí," ni Àjàgbé dáhùn.

"Èmi lẹ pè yẹn. Ẹ ṣe bí oyin tó há sínú ìgò: zzz. Bízì."

Àjàgbé ṣe bí oyin. Ṣùgbọ́n eyín iwájú rẹ̀ ti fi ibùdó sílẹ̀ tipẹ́, afẹ́fẹ́ sì gba ojú àlàfo náà jáde bí omi inú ajere. "Bísí," ni ó tún wí, ó sì fi gbogbo ara wí i.

Àǹtí Bísí wo òrùlé. Ó wo ilẹ̀. Ó ní kó tún un ṣe, ó tún un ṣe. Ó ní kó tẹ́ ètè, ó tẹ́ ètè. Bísí ló ń jáde, pẹ̀lú ìdánilójú tó ń le sí i. Ní ti Àjàgbé, kò rí ìyàtọ̀ kankan láàárín èyí tí obìnrin náà ń sọ àti èyí tí òun ń sọ. Ó dà á rò pé bóyá àwọn tíṣà ló dá ìyàtọ̀ náà sílẹ̀ kí iṣẹ́ má bàa tán lọ́wọ́ wọn. Níkẹyìn Àǹtí Bísí mí kanlẹ̀, ó ní, "Bó ṣe wà yẹn náà, wọ́n á fi ọgbọ́n gbọ́ ọ."

Láti ọjọ́ náà títí di Sátidé, Òkè-Òdò kò gbọ́ ohùn mìíràn. Akọni wí i fún àwọn adìyẹ, àwọn adìyẹ fọ́n ká. Ó wí i nínú ilé ìwẹ̀ títí ọṣẹ fi wọ ọ́ lẹ́nu. Òbúkọ kan dúró, ó gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ó mi irùngbọ̀n, ó lọ, Àjàgbé sì kà á mọ́ àwọn tó gbà pé Gẹ̀ẹ́sì náà dán mọ́rán. Ní òwúrọ̀ Ẹtì, ó gbá ẹ̀yìnkùlé tán, ó dúró lẹ́bàá ibojì, ó sì jẹ́jẹ̀ẹ́ sọ ọ́ fún ẹni tó sùn síbẹ̀: "Àyọ̀ká, áì ámù kíípíìnì Bísí." Afẹ́fẹ́ gbé ewé máńgòrò kan kọjá òrùlé, ó já wálẹ̀ níbẹ̀, Àjàgbé sì gbà á bí àṣẹ.

Sátidé dé. Ọkọ̀ dúró sábẹ́ igi máńgòrò, Oyèdòkun bọ́ sílẹ̀, Ìmà bọ́ sílẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, Bàbá," gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Àjàgbé súre fún wọn. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti rí ohun tí Oyèdòkun gbé wọlé: àpótí aṣọ ńlá kan, tó ṣófo, tó gbé kalẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà tó sì la ẹnu rẹ̀ sílẹ̀ bí àgbá ìbọn tí wọ́n dojú rẹ̀ kọ ìlú. Akọni tún fìlà rẹ̀ ṣe, ó jókòó.

Bí wọ́n ṣe ń mu omi, Ìmà sún àga rẹ̀ mọ́ ọn. Ó fẹ́ kí Bàbá fi ẹnu ara rẹ̀ gbà pé òun kò rí nǹkan ṣe, kí lílọ yìí má bàa dà bí ìfipágbé. Ó rọra béèrè ní èdè rẹ̀ ohun tí Bàbá ń ṣe láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Àjàgbé mọ ohùn ìbéèrè náà. Òun kan náà ni ti ọdún Àjíǹde. Oyèdòkun la ẹnu láti túmọ̀ rẹ̀. Bàbá rẹ̀ gbé ọwọ́ sókè.

Bí ẹ bá ti rí i bí ìlú olódi ṣe ń ṣí ẹnubodè rẹ̀ nígbà tí ọba fúnra rẹ̀ fẹ́ jáde sójú ogun, tí ilẹ̀kùn irin ń dún, tí eruku ń sọ, bẹ́ẹ̀ ni ẹnu Oyèlékè Àjàgbé ṣe ṣí lọ́jọ́ náà. Gbogbo ìdílé rẹ̀ tó ti lọ dúró tì í lẹ́yìn. Ó wo Ìmà lójú, ó sì wí i.

"Áì ámù kíípíìnì Bísí."

Oyèdòkun di ife omi mú láàárín ọ̀nà ẹnu àti tábìlì.

"Bísí?" ni Ìmà béèrè.

"Yẹ́ẹ̀sì," ni Àjàgbé wí. Ó rí i pé ọ̀tá ń tì sẹ́yìn, akọni kì í sì í dúró nígbà tí ọ̀tá bá ń tì. Ó tú ìyókù àpò rẹ̀ dà sílẹ̀. "Ẹ́frí déè. Mọ́níìn, Bísí. Náìtì, Bísí." Ó wá rántí pé òun máa ń sùn díẹ̀ lọ́sàn-án, olóòótọ́ ènìyàn sì ni, kò fẹ́ purọ́ fún aya ọmọ rẹ̀. "Àfutanúùn," ni ó fi kún un, "rẹ́sìtì."

Omi há Oyèdòkun lọ́fun. Ó wúkọ́ títí ojú rẹ̀ fi pọ́n. Ìmà fi ọwọ́ bo ẹnu. Nígbà tó gbé e kúrò, ẹ̀rín ló wà níbẹ̀, omi sì wà lójú rẹ̀. Ó tún béèrè ọ̀rọ̀ kan, Àjàgbé sì gbọ́ hápì láàárín rẹ̀, èyí tó mọ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe ọjọ́ ìbí. Obìnrin náà ń béèrè bóyá inú rẹ̀ ń dùn sí i, ó dá a lójú.

"Yẹ́ẹ̀sì," ni ó wí, láti ìsàlẹ̀ ọkàn rẹ̀. "Tumọ́ọ̀ṣì."

Ìgbà yìí gan-an ni Àǹtí Bísí wọlé, pẹ̀lú abọ́ ọ̀ọ̀lẹ̀ tí wọ́n dé. "Ẹ kú ilé o," ni ó wí. "Mo ní kí n wá kí àwọn àlejò yín."

"Àǹtí Bísí nìyí," ni Àjàgbé wí fún aya ọmọ rẹ̀, tìyìn tìyìn.

Ìmà dìde. Ó dì mọ́ Àǹtí Bísí tòun ti abọ́ ọ̀ọ̀lẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ Gẹ̀ẹ́sì tó gùn bí ọ̀nà oko. Àjàgbé kò gbọ́ ọ, ojú Àǹtí Bísí ló ń wò. Ojú náà kọ́kọ́ dà bíi ti ẹni tó ń gbọ́ òjò lórí òrùlé ẹlòmíràn. Lẹ́yìn náà ó yí sọ́dọ̀ òun Àjàgbé, pẹ̀lú ìwò tí tíṣà fi ń wo ọmọ tó jẹ ṣọ́ọ̀kì. Ó ti ṣe tán láti sọ̀rọ̀. Ètè rẹ̀ ti là. Ìgbà náà ni ojú rẹ̀ bọ́ sórí àpótí tó ṣófo lẹ́nu ọ̀nà. Ó wò ó pẹ́. Ó pa ètè dé, ó tún un là, ó sì fi Gẹ̀ẹ́sì kúkurú kan dáhùn tí kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ.

Ìmà bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Oyèdòkun dìde, ó ti ẹnu àpótí pa, ó gbé e jáde, ó sì gbé e padà sínú bùútù ọkọ̀. Ogun tú. Àgbá ìbọn padà síbi tó ti wá láìyìn.

Wọ́n jẹ ọ̀ọ̀lẹ̀ náà tán kí wọ́n tó lọ. Ní ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, Oyèdòkun fà sẹ́yìn díẹ̀, ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

"Bàbá, ẹ bá ti sọ fún mi tipẹ́," ni ó wí.

"Mo sọ fún ọ nígbà ọdún Àjíǹde. Ìwọ lo ò túmọ̀ rẹ̀ dáadáa."

"Ẹ má bínú. Mi ò mọ̀ pé ohun tí ẹ ń sọ nìyẹn." Kò lè sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọmọ kì í béèrè ọ̀rọ̀ yàrá lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀, ó wọ ọkọ̀, wọ́n lọ.

Akọni padà sórí àga rẹ̀, ó na ẹsẹ̀, ó ń dúró de ìyìn. Àǹtí Bísí wà lórí ìdúró, ó gbé abọ́ òfìfo mọ́ àyà.

"Bàbá Dòkun, ẹ mọ ohun tí ẹ sọ fún ọmọ yẹn?"

"Pé ọwọ́ mi ò dilẹ̀."

"Ẹ sọ fún un pé ẹ ń tọ́jú Bísí. Pé Bísí lẹ wà pẹ̀lú rẹ̀ láàárọ̀, òun náà ni lálẹ́. Pé lọ́sàn-án lẹ máa ń sinmi. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo ń mú inú yín dùn."

Ẹni bá rí erin tó tẹ ẹ̀gún, òun ló rí Àjàgbé. Fìlà rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bo ojú rẹ̀. Ó tì í sókè, ó ní, "Kí lẹ wá dá a lóhùn?"

"Mo ní kò tọ́pẹ́."

"Kí ló dé tí ẹ ò tún un ṣe fún un?"

Àǹtí Bísí gbé abọ́ náà láti ọwọ́ kan sí èkejì. "Tí mo bá tún un ṣe," ni ó wí, "ta ni yóò máa kí mi láàárọ̀?" Ó sì gba ilé rẹ̀ lọ.

Ọjọ́ kò pọ̀ lẹ́yìn ìyẹn tí Oyèdòkun tún fi pè. Ohùn rẹ̀ tútù, ó kún fún ọ̀wọ̀. Ó ní ìyàwó òun ti ń ro ọ̀rọ̀ náà, ó ní kò dáa kí Màmá Bísí, bí wọ́n ṣe wá ń pe Àǹtí Bísí báyìí, kàn wà bẹ́ẹ̀. Ó ní òun ti bá àwọn bùrọ̀dá Bàbá sọ̀rọ̀, àwọn yóò wá kó ẹnu jọ, àwọn yóò lọ bá ẹbí Màmá Bísí, kí wọ́n ṣe é bó ṣe yẹ kí wọ́n ṣe é.

"Àwọn bùrọ̀dá mi ti gbọ́?" ni Àjàgbé béèrè.

"Inú wọn dùn gan-an, Bàbá."

Báyìí ni ìṣẹ́gun ṣe rí: ó lé ọ̀tá kan lọ lẹ́nu ọ̀nà iwájú, ẹgbẹ́ ọmọ ogun mìíràn ń bọ̀ lẹ́yìnkùlé pẹ̀lú iṣu àti orógbó. Àjàgbé dìde. Ó wọ bùbá. Ó dé fìlà, ó ṣí i, ó tún un dé. Ó lọ sí ẹ̀yìnkùlé kọ́kọ́, ó gbá ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì lọ́jọ́ kan náà. Lẹ́yìn náà ó lọ sí ilé kejì.

Àǹtí Bísí jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń bó ẹ̀gúsí sínú igbá. Àjàgbé sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un. Kò gbójú sókè.

"Nítorí náà," ni Àjàgbé wí, "mo wá gba Gẹ̀ẹ́sì mìíràn lọ́wọ́ yín."

"Èwo nínú rẹ̀?"

"Èyí tí màá fi sọ fún ọmọ náà pé…" Ó dúró. Ó wò ó pé bóyá pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ lòun fẹ́ sọ, tàbí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó ti ilé wá pẹ̀lú èkínní. Ibi tí ó ti pàdé èkejì lójú ọ̀nà, kò mọ̀.

"Kò sí Gẹ̀ẹ́sì fún ìyẹn, Bàbá Dòkun," ni Àǹtí Bísí wí. "Ohun tó bá wà lọ́kàn yín, Yorùbá ni kí ẹ fi sọ ọ́."

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́, ẹ ti rí i bí ọkùnrin yìí ṣe na Gẹ̀ẹ́sì ní pàtàpàtà. Ẹ wá wò ó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí, níwájú èdè ìyá rẹ̀, èdè tó fi kí odindi ìlú láràárọ̀ láìkọsẹ̀: ahọ́n rẹ̀ wúwo bí sìmẹ́ǹtì tó ti gan. Kò sí òbúkọ tó lè fi dánra wò. Ó gbé ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, ó bọ́. Ó gbé èkejì, ó bọ́. Òógùn bo iwájú orí rẹ̀. Ó mí, ó sì sọ ọ́, pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́, láìsí àfiwé, láìsí òwe.

"Tí àwọn ọmọ yẹn bá dé, Àǹtí Bísí, ṣé kí n lé wọn padà?"

Èèpo ẹ̀gúsí ń já wẹ́wẹ́. Obìnrin náà bó ọ̀kan, ó bó òmíràn, ó fẹ́ èèpo kúrò lórí igbá.

"Ẹ má lé wọn," ni ó wí. Ó fi ẹsẹ̀ sún àpótí ìjókòó kan sí i. "Ẹ jókòó, kí ẹ bá mi bó o. Ọwọ́ mi dí."

Oyèlékè Àjàgbé jókòó.

Kí akéde gba ìsàlẹ̀ odò lọ, kí ó gba òkè padà. Kí ó sọ ọ́ lójà, kí ó sọ ọ́ lóko, kí ó sọ ọ́ fún ọlọ́kadà àti ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn, fún ọba lórí ìtẹ́ àti aláǹgbá lórí ògiri. Kí ó kéde pé Oyèlékè, ọmọ Oyèétọ́lá, òjò tó ṣú tí aláṣọ ń sáré, jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé kejì lónìí, igbá ẹ̀gúsí wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, èèpo wà lára fìlà rẹ̀, kò sì ní ráyè fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá ní ogun, kó dá a dúró ná. Ẹni tó bá ń bọ̀ láti Àbújá, kó rọra wá. Ẹni tó bá sì ń wá a fún ohunkóhun mìíràn lábẹ́ ọ̀run, kó padà wá lọ́la.